Ṣùkú Inú Ìwé Iná

Ìwé kan wà nílé mi báyìí tí kò ní páálí, tí kò ní òórùn ìwé, tí eku kò sì lè jẹ. Inú táblẹ́ẹ̀tì ló wà. Táblẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ ọmọdé lọ, kò sì nípọn tó ìka mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ ìwé tó wà nínú rẹ̀ sórí pépà, èèyàn lè fi ṣe ìrọ̀rí. Ìwé òfin iná mànàmáná ni. Bí ó ṣe yẹ kí wáyà gba inú ilé kọjá, ibi tí súwíìṣì gbọ́dọ̀ wà, ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí B, mo ti mọ ìwé náà débi pé bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá ṣí i síbi tí ẹ bá fẹ́.

Ẹ má rò pé mo ń fọ́nnu. Ọmọ ọmọ mi tó ni ìwé náà ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, orí táblẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ló sì ń kọ ọ́ sí. Obìnrin ni, iṣẹ́ iná ló kọ́. Ó ní kí n má yin òun jù. Mo ní kó máa kọ ohun tí mo bá wí, kó gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Irun ni èmi dì láyé mi. Ní Ìkìrun níbí, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, mo dirí fún ìyá, mo dirí fún ọmọ, mo tún wá dirí fún ọmọ ọmọ. Ṣùkú, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, kòlẹ́sẹ̀, kò sí èyí tí ọwọ́ mi kò mọ̀. Ìka mi ti ń le báyìí, n kì í dirí ẹlòmíràn mọ́, àfi ti ọmọ yìí, nítorí ó ní ti ṣọ́ọ̀bù máa ń dun òun lórí.

Kí ìwé náà tó kó wọ inú táblẹ́ẹ̀tì, ó ní ti pépà. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ló máa ń so ó mọ́ bí ẹni tó ń gbé ewúrẹ́ rọjà. Lọ́jọ́ kan òjò ká a mọ́ ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ láti Ìnísà. Nígbà tó fi máa délé, ìwé ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. A sá a sóòrùn, àwọn ojú ìwé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, bí mo bá sì fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, ńṣe ni wọ́n ń ya. Ọmọ yìí sunkún bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ó wá dákẹ́, ó ní, "Màmá, kò burú. Wọ́n ti ń ta ti inú fóònù." Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Báwo ni wọ́n á ṣe ta ìwé inú fóònù? Ta ni yóò gbé e wọbẹ̀?

Ó ra táblẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn ti lò, ó ra ìwé náà sínú rẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú mi. Ó fi ìka kan gbá ojú rẹ̀, ojú ìwé kan lọ, òmíràn dé. Mo pariwo. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Mo tún pariwo. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sókè, ìwé náà fúnra rẹ̀ sáré lọ wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà, ó sì kun ún ní àwọ̀ ìyeyè. Mo dìde lórí àpótí. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé yìí ń dáhùn!"

Ọjọ́ tí èmi àti ìwé náà di ọ̀rẹ́ ni ọjọ́ tó ń tún wáyà pálọ̀ wa ṣe. Ó wà lókè àkàbà, ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, wáyà wà ní èkejì.

"Màmá, ẹ bá mi gbé ìwé yẹn sókè kí n rí i."

Mo gbé e. Bí mo ṣe dà á nàró, gbogbo ojú ìwé náà yí pa dà, ó nàró pẹ̀lú mi. Mo dà á lélẹ̀, ó dùbúlẹ̀.

"Ó ń tẹ̀lé mi!"

"Ẹ kàn dì í mú síbi kan náà, Màmá."

Mo dì í mú. Ó ṣókùnkùn.

"Mo ti pa á o! Mo ti pa ìwé ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ó sùn ni. Ẹ fi ìka kàn án, á jí."

Mo fi ìka kàn án, ó jí lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá wo ohun tó wà lójú rẹ̀. Àwòrán ni, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, òmíràn láti ọ̀hún, gbogbo wọn ń gun òkè lọ síbi kan ṣoṣo, wọ́n sì para pọ̀ níbẹ̀. Inú mi kàn ṣí.

"Ṣùkú nìyí!"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ṣùkú ni wọ́n yà síbí. Ta ló dì í? Ó mọ̀ ọ́n dì."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí mo fi di àkàbà mú fún un. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tó jẹ́ irin nínú ilé ló yẹ kí wọ́n fi wáyà so pọ̀ síbi kan: páìpù omi, ara fìríìjì, ojú wíńdò onírin. Láti ibi kan yẹn ni wáyà ńlá yóò ti wọ inú ilẹ̀ lọ. Bí iná bá ṣìnà gba ara irin, ilẹ̀ ni yóò gbà lọ, kò ní gba ara èèyàn. Mo ní ó yé mi. Bí irun kan bá yọ kúrò nínú ṣùkú, òun náà ló máa ń gún èèyàn lójú. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti sàmì sí ojú ìwé náà, ó sì kọ Ṣùkú sí i. Èyí tí wáyà ti ọ̀tún àti ti òsì pàdé láàárín, mo sọ ọ́ ní Pàtẹ́wọ́. Èyí tí gbogbo ìlà ń bọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, Kòlẹ́sẹ̀ ni. Mo di ẹni tó ń bá a lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń jókòó sórí àga nísàlẹ̀ àkàbà, bí ó bá ti ní "Màmá, Pàtẹ́wọ́," ìka mi á ti dé ibẹ̀. Àwọn tó ni ilé á máa wò mí bí ẹni pé mo ń ṣe idán. Inú mi á máa dùn, n kò ní fi hàn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìnísà ṣe wá dé nìyí.

Ìnísà ni ilé bàbá mi, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe ìjọ Aládùúrà láti ọmọdé. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá, kó mọ̀ báyìí pé a kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ lásán ni, aṣọ funfun, omi àdúrà nínú ìgò. Ọ̀gangan pẹpẹ sì rèé, ọkùnrin nìkan ló ń wọ ibẹ̀, obìnrin kì í kọjá irin.

Irin yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí wọ́n tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, wọ́n fi táìlì sílẹ̀, wọ́n sì ní kí wẹ́dà ṣe irin gígùn kan sójú pẹpẹ, tí a ó máa kúnlẹ̀ tì. Wọ́n tún gbé àgbélébùú oníná sókè lẹ́yìn pẹpẹ, tó ń tàn búlúù. Ó dára lójú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí àwọn bá kúnlẹ̀, tí àwọn sì di irin náà mú, nǹkan kan máa ń gbọ̀n rìrì láti ọrùn ọwọ́ àwọn dé ìgúnpá. Èmi náà dì í mú. Ó gbọ̀n mí. Mo ké Halelúyà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kàn dé Igbàyè, ó dé Òkukù, wọ́n ní Ẹ̀mí ti sọ̀ sórí irin Ìnísà.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Òkukù, ọ̀rẹ́ láti ìgbà ọmọge. Orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ irun dídì, ó sì ṣì máa ń sọ pé mo fa òun ní irun tí kò hù mọ́. Ìyá Òkukù ni mo ń pè é, Onídìrí ni òun ń pè mí. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Dókítà fún un lóògùn, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí ohunkóhun já òun láyà. Nígbà tó gbọ́ nípa irin yẹn, ó wọ bọ́ọ̀sì wá. Ó dì í mú, ó gbọ̀n, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Onídìrí, mo ti rí ìwòsàn mi. Ní Ọjọ́ Ìkórè, màá di irin yìí mú, n kò sì ní fi sílẹ̀ títí ọkàn mi yóò fi dúró síbi tó yẹ."

Mo ní, "Àṣẹ." Kí ni mo mọ̀?

Ọ̀sẹ̀ Ìkórè la lọ fọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú ọmọ ọmọ mi dání, nítorí wọ́n ní kó wá pààrọ̀ àwọn gílóòbù tó ti kú. Ìyá Òkukù náà wá. A da omi sílẹ̀, a ń fi ìgbálẹ̀ tì í, gbogbo wa wà lẹ́sẹ̀ lásán, táìlì ń yọ̀ bí ilá. Ìyá Òkukù fẹ́ dìde lórí orúnkún, ó na ọwọ́ sí irin náà.

Kò gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ńṣe ni ó ta á nù. Ó ké, ó fi ìdí jókòó sínú omi, ó di àyà mú, ojú rẹ̀ sì funfun.

"Ẹ̀mí!" ó wí. "Ó ti pọ̀ sí i! Onídìrí, ó ti pọ̀ sí i!"

Ọmọ ọmọ mi ti bẹ́ sílẹ̀ lórí àkàbà. Ó fà á kúrò nínú omi, ó gbé e sórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ọmọ yìí wọ sálúbàtà rọ́bà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo obìnrin sì ké "Háà!" Ó yọ tẹ́sítà rẹ̀, èyí tó dà bíi bírò tó ní gílóòbù wẹ́wẹ́ nínú. Ó fi kan irin náà. Ó tàn pupa.

"Ìwọ ọmọ yìí," Ìyá Òkukù pariwo láti orí bẹ́ńṣì, "ta ní kó o fi irin gún irin Olúwa? Bàtà tún wà lẹ́sẹ̀ rẹ!"

"Ìyá, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Bí oníná bá mú iná lọ, tí a tan jẹnẹrétọ̀, ṣé irin yìí ṣì máa ń gbọ̀n yín?"

A ń wo ara wa. Mo ronú lọ, mo ronú bọ̀. N kò rí ọjọ́ kan tó gbọ̀n wá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún.

"Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni Ẹ̀mí kò fẹ́," Ìyá Òkukù dáhùn.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Màmá, iná ló ń gbé wọn. Jẹnẹrétọ̀ yín kò so mọ́ ilẹ̀, iná rẹ̀ kì í gba ara èèyàn lọ sílẹ̀ bí ti oníná. Bí ọ̀rẹ́ yín bá kúnlẹ̀ nínú omi lọ́jọ́ Àìkú, tó sì di irin yìí mú bí wọ́n ṣe wí, wọ́n lè má dìde mọ́."

Mo wo ọ̀rẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì, ó ń fi gèlè nu ojú, ó ń kọrin ọpẹ́ sí ohun tó fẹ́ pa á.

Wọ́n ti lọ pe Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ wa. Ó dé tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ó gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì, ó sì wo sálúbàtà ọmọ ọmọ mi fún ìgbà pípẹ́.

"Ọmọ mi, a ti fi òróró ya irin yìí sí mímọ́. Wẹ́dà tó ṣe é sì ní irin gbogbo ló máa ń fa iná díẹ̀ díẹ̀. Ta ló wá sọ fún ọ pé kò dára?"

"Ìwé ló sọ ọ́, Bàbá."

"Ìwé wo?"

Mo ti ní in lọ́wọ́. Mo gbé e fún ọmọ yìí, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sókè, ìwé sáré lọ wá a. Bàbá Alàgbà na ọrùn, ó dín ojú kù.

"N kò mú awò ojú mi dání. Ọ̀rọ̀ yín kéré bí iyanrìn."

"Ẹ gbà, ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́," ni mo wí, kí ọmọ yìí tó lanu.

Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wú sí i. Ó tún fẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kan tó àtàǹpàkò rẹ̀. Ọlọ́run mi, ẹ bá rí ojú bàbá yẹn! Ó gbàgbé ẹjọ́ tó wá dá.

"Ṣé Bíbélì náà wà báyìí?"

"Ó wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná."

Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tú u sí Yorùbá fún wa díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìwé náà ń sọ nípa ibi tí omi máa ń wà nílẹ̀, tí èèyàn sì máa ń dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà. Ó ní ibẹ̀ léwu ju ibi gbígbẹ lọ, irin tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ so pọ̀ mọ́ ilẹ̀, súwíìṣì tó ń tètè já sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò pa iná kó tó pa èèyàn. Nígbà tó dé "láìwọ bàtà," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wo tiwa. Gbogbo ìka ẹsẹ̀ tó wà nínú ilé náà ló wà nínú omi.

"Ta ló kọ ìwé yìí?" ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ó ti wá sí ìjọ wa rí ni?"

Ó gbà. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn dé. Ẹ̀yìn pẹpẹ ni àpótí tí wáyà gbogbo ti pàdé wà, ibẹ̀ náà sì ni wáyà àgbélébùú ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kò jà, ó kàn dúró, ó sì dì mọ́ ẹ̀mú rẹ̀. Bàbá Alàgbà náà dúró, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Èmi ni màá wọlé," ó wí níkẹyìn. "Ìwọ, dúró síbi tó o wà, kó o máa wí fún mi."

"Ẹ ó mú ìwé yìí dání, Bàbá."

"Fóònù kì í wọ ibẹ̀."

"Kì í ṣe fóònù, Bàbá. Ìwé ni."

"Ìwé ni?"

"Ìwé ni."

Ó ronú. "Ìwé máa ń wọ ibẹ̀," ó wí, ó sì gbà á.

Bí ó ṣe fẹ́ gbẹ́sẹ̀, ọmọ ọmọ mi ké: "Ẹ dúró! Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán dúró sínú omi!" Bàtà kò lè wọ pẹpẹ, ẹsẹ̀ lásán kò sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ tútù. A wà láàárín òfin méjì. Èmi ni mo sọ pé kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì onígi wọlé fún un, kó dúró sórí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó bá a wá nu ilẹ̀ gbẹ ná, wọ́n gbé bẹ́ńṣì sí i, Bàbá Alàgbà sì gun orí rẹ̀ nínú aṣọ funfun bí ẹni tó fẹ́ wàásù fún ògiri. Ọmọ yìí ní kó pa súwíìṣì ńlá ná. Ó pa á. Àgbélébùú ṣú. Ọmọ yìí fi tẹ́sítà kan irin láti ọ̀dọ̀ tiwa. Kò tàn.

"Ó kú!" mo pariwo.

"Ta ló kú?" Ìyá Òkukù fò dìde.

"Iná ni! Jókòó!"

Ó kù kí Bàbá Alàgbà fi ohun tó wà nínú àpótí wé àwòrán inú ìwé. Ni a bá gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ó ti ṣókùnkùn. Ìwé yín ti ṣókùnkùn."

"Ó sùn ni, Bàbá! Ẹ fi ìka kàn án!" Èmi ni mo dáhùn. Ọmọ yìí kò tilẹ̀ ráyè sọ̀rọ̀. "Ẹ wá Ṣùkú!"

"Ṣùkú wo?"

"Ṣùkú irun!"

"Màmá, nínú ìwé iná?"

"Ẹ ṣáà máa ti ojú ìwé lọ sókè, ẹ ó rí i. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀ o, yóò bá yín dùbúlẹ̀!"

Lẹ́yìn náà ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn pẹpẹ, ẹ̀rín àgbàlagbà tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Háà! Ṣùkú ni lóòótọ́! Irú èyí tí ìyá àwọn ọmọ mi dì lọ́jọ́ tí mo gbé e níyàwó!"

Ọmọ ọmọ mi ní kó máa wo inú àpótí, kó máa wo àwòrán, kó sọ irin tí wáyà rẹ̀ kò dé ibi tí ṣùkú ti para pọ̀. Bàbá Alàgbà ń kà wọ́n lọ. Ojú wíńdò wà níbẹ̀. Páìpù omi wà níbẹ̀. Irin ìkúnlẹ̀ kò sí.

"Irun kan ti yọ," mo wí.

"Ó ti yọ, Màmá," ni ó dáhùn láti inú lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ sì ti yí pa dà.

Ó wá rí i. Wáyà tó ń lọ sí àgbélébùú kò gba ara ògiri. Wọ́n gbé e yípo gba iwájú láti igun àpótí sí igun kejì, inú irin ìkúnlẹ̀ tó ní ihò bíi páìpù ni wọ́n ti ki í bọ̀, kó má bàa hàn sí àwọn èèyàn. Ẹnu ihò tí wẹ́dà lu mú bí ọ̀bẹ, kò sí ohun tí wọ́n fi wé e. Ọmọ yìí ní kó rọra fa wáyà náà jáde. Ó fà á, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i. Awọ ara rẹ̀ ti bó, bàbà pupa ń yọjú nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ké Halelúyà. Bàbá Alàgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run ló ṣọ́ wa," ó wí. Lóòótọ́ ni a sì ṣe Àmín.

Ìyá Òkukù nìkan ni kò ṣe é. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́.

"Ẹ ti fa agbára jáde bí ẹni ń fa ìfun adìyẹ. Kí ni màá wá dì mú lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ìyá Òkukù, tèmi, gbọ́…"

"Má pè mí. Láti kékeré lo ti ń fa nǹkan mi tu."

Ó lọ wọ bọ́ọ̀sì láìkí mi. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ó bá wá, mo mọ̀ pé irin kò ní pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá wá ńkọ́? Bí ó bá lọ wá irin mìíràn tó ń gbọ̀n kiri?

Iṣẹ́ kò dúró ṣá. Ọjọ́ kejì, ọmọ ọmọ mi lọ ra súwíìṣì tó ń tètè já ní Ìkìrun. Ó gbin ọ̀pá irin sínú ilẹ̀ tútù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi wáyà aláwọ̀ ewé so ẹsẹ̀ irin ìkúnlẹ̀ mọ́ ọn láti ọ̀dọ̀ tiwa. Bàbá Alàgbà gun bẹ́ńṣì rẹ̀, ó ń ṣe èyí tó kù nínú lọ́hùn-ún bí ọmọ yìí ṣe ń wí fún un. Wáyà àgbélébùú gba òkè ògiri nínú páìpù rọ́bà. Èmi kò tún ráyè sọ̀rọ̀, nítorí bàbá náà ti mọ̀ ọ́n ṣí ju èmi lọ. Bí ọmọ yìí bá ní "Pàtẹ́wọ́," á ní "Mo ti wà níbẹ̀." Mo jowú díẹ̀.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Wọ́n wọ́n omi àdúrà sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Orin ìwọlé parí, n kò rí i. Wọ́n ka Bíbélì, n kò rí i. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀bẹ̀ jáde, mo rí gèlè kan tí mo mọ̀ láàárín èrò. Òun ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò rí mi, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú.

Ìgbà yẹn ni ọkàn tèmi wá fẹ́ jáde. Mo di ọwọ́ ọmọ ọmọ mi mú. "Ṣé ó dá ọ lójú?" "Ó dá mi lójú, Màmá." "Ṣé o fi tẹ́sítà kàn án lónìí?" "Mo fi kàn án kí ẹ tó wọlé."

Kò sí ohun tó gbọ̀n. Èjìká rẹ̀ kò mì. Àwọn tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ dìde, wọ́n pa dà síjòkòó wọn, òun kò dìde. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó tọ̀ mí wá tààrà, ó fi ara tì mí lórí bẹ́ńṣì kí n sún.

"Irin náà tutù," ó wí.

"Ó tutù kẹ̀."

"Mo gbàdúrà mi tán. Tẹ́lẹ̀, n kì í lè gbà á tán, ìgbọ̀nrìrì yẹn kì í jẹ́ kí n ronú."

Omi lé sí mi lójú, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fi ìgúnpá gún mi. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wá rọra sọ ọ́ sí mi létí.

"Onídìrí. Fìríìjì mi ní Òkukù…"

"Kí ló ṣe é?"

"Òun náà máa ń gbọ̀n mí lọ́wọ́. Mo rò pé ó tẹ̀lé mi délé láti Ìnísà ni. Mo ti ń kúnlẹ̀ tì í láràárọ̀."

Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín ìwàásù. Bàbá Alàgbà wò mí láti orí pẹpẹ, ó sì wojú pa dà sínú Bíbélì tó gbé dání. Táblẹ́ẹ̀tì wa ni, awò ojú rẹ̀ wà nínú àpò.

Ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ la wọ̀ lọ sí Òkukù, ọmọ ọmọ mi pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, èmi pẹ̀lú ìwé lórí itan. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Òkukù, mo ti ń bọ́ bàtà gẹ́gẹ́ bí àṣà.

"Má bọ́ ọ!" ọ̀rẹ́ mi pariwo láti inú ilé. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, páù, páù, páù. "Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà nílé mi lónìí! Onídìrí, kí lo ń wò? Ṣí i sí Ṣùkú!"

Mo ti ṣí i kí a tó kúrò ní Ìkìrun.